Báwo Ni Èdè Àwọn Santal Ṣe Dé Íńdíà?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo kà á pé èdè àwọn Santal ti Íńdíà àti èdè àwọn ará Vietnam bá ara wọn tan, pé inú ẹbí èdè tí wọ́n ń pè ní Austroasiatic ni méjèèjì wà. Èé ṣe, nígbà náà, tí ojú àwọn Santal fi jọ ti àwọn ará Íńdíà tó yí wọn ká? Ṣé wọ́n kó wá síbẹ̀ ni, àbí àwọn onílẹ̀ ló kọ́ èdè àlejò?

Ìdáhùn: Ọ̀nà méjèèjì tí ẹ dárúkọ ló pa pọ̀, DNA, ìyẹn ohun inú ara tó ń gbé àbùdá láti ọ̀dọ̀ òbí sára ọmọ, sì ti jẹ́ kí a lè tọ ipasẹ̀ ọkùnrin lọ́tọ̀ àti ti obìnrin lọ́tọ̀. Ọwọ́ baba nìkan ni ọmọkùnrin ti ń gba kúrómósóòmù Y, ìyẹn apá kan nínú DNA, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá ni gbogbo ọmọ ti ń gba DNA inú mitochondria, àwọn ohun kéékèèké tó ń pèsè agbára fún sẹ́ẹ̀lì ara. Ẹ̀ka kúrómósóòmù Y tí wọ́n ń pè ní M95, tó wọ́pọ̀ ní Laos àti Kàǹbódíà, ló pọ̀ jù lọ lára àwọn ọkùnrin Santal, Ho, Juang àti àwọn mìíràn tó ń sọ èdè Munda, ìyẹn ẹ̀ka Austroasiatic tí èdè àwọn Santal wà. Bẹ́ẹ̀ DNA tí wọ́n jogún lọ́dọ̀ ìyá, ti Íńdíà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkè délẹ̀. Èyí fi hàn pé ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ti ìlà-oòrùn wá, pé wọ́n fẹ́ ọmọ onílẹ̀, tí àwọn ọmọ wọn sì ń sọ èdè baba, láàárín nǹkan bí ọdún 4,000 sí 2,000 sẹ́yìn. Bí a bá wo gbogbo àbùdá wọn pọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló ti ìlà-oòrùn wá, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi jọ àwọn aládùúgbò wọn.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn Khasi ti ìpínlẹ̀ Meghalaya ní Íńdíà, tí èdè tiwọn náà jẹ́ Austroasiatic, níbi tí ọmọ ti ń jẹ́ ti ìdílé ìyá: àwọn ní ẹ̀jẹ̀ ìlà-oòrùn níhà ìyá pẹ̀lú.

Ní ti orírun àwọn tó ń sọ èdè ẹbí yìí, ọdún 2018 ni àwọn onímọ̀ gbé àyẹ̀wò egungun àwọn tí wọ́n sin sí Mán Bạc, ní àríwá Vietnam, jáde, egungun tó ti tó nǹkan bí ọdún 4,000. Àgbẹ̀ tó ti gúúsù Ṣáínà wá, tí wọ́n ń gbin ìrẹsì, ni wọ́n, wọ́n sì ti pò pọ̀ mọ́ àwọn ọdẹ tí wọ́n bá nílẹ̀. Nínú àwọn tó ń sọ èdè ẹbí yìí lónìí, àwọn Mlabri ti Thailand àti àwọn ará erékùṣù Nicobar sún mọ́ wọn gan-an, nígbà tí àwọn ará Vietnam ti gba ẹ̀jẹ̀ sí i láti Ṣáínà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Nítorí náà, mo gbà pé kò yẹ kí a fi ojú àwọn ará Vietnam nìkan díwọ̀n ẹni tó jẹ́ ọmọ ẹbí yìí.

Àwọn Jahai ti Malaysia ló wú mi lórí jù: èdè wọn kò kúrò nínú ẹbí kan náà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àbùdá wọn ló ti ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ tó ti ń gbé inú igbó ibẹ̀ kí àgbẹ̀ kankan tó dé.