Ta ló ní kukri gbọ́dọ̀ fẹnu kan ẹ̀jẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìlú Leeds ni mò ń gbé. Màmá àgbàlagbà kan tó múlé tì wá, tí ọkọ rẹ̀ olóògbé bá àwọn ọmọ ogun Gurkha ṣiṣẹ́ (àwọn ọmọ Nepal ní Éṣíà tó ń ṣe ológun fún Gẹ̀ẹ́sì), ṣàdédé fi ọ̀bẹ àtijọ́ kan tó tẹ̀ kọrọdọ ta mí lọ́rẹ, ó ní kí n san pẹ́nì kan péré. Ẹ̀gbọ́n mi ní kukri ni, ọ̀bẹ àwọn ará Nepal, pé bí a bá yọ ọ́, kò gbọdọ̀ padà sínú àkọ̀ láìfẹnu kan ẹ̀jẹ̀. Mo sì ti yọ ọ́! Wòlíì kan ní kí n mú owó wá kí òun bá mi wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó tún ti dúdú. Ṣé kí n fi sáńpépà họ ọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ fi owó yín sápò. Ti pẹ́nì yẹn, àṣà àwọn Òyìnbó ni, wọn kì í fẹ́ fi ọ̀bẹ tọrẹ lọ́fẹ̀ẹ́ kó má baà gé ọ̀rẹ́. Ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí ló ń bí mi nínú, torí kò sí ìgbà tí wọn kì í bi mí, ẹnìkan tilẹ̀ ti fi tirẹ̀ gún ìka ara rẹ̀ kó tó kọ̀wé sí mi.

Lórí òkè Nepal, kukri ni wọ́n fi ń la igi ìdáná, òun ni wọ́n fi ń gé ọparun, òun náà ni wọ́n fi ń gé ẹran sọ́bẹ̀. Bó bá jẹ́ pé dandan ni kí ẹ̀jẹ̀ kàn án kó tó wọlé, ìka mélòó ni ìyá tó ń dáná yóò kù lọ́wọ́ kílẹ̀ tó ṣú? Láti 1815 ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba àwọn Gurkha síṣẹ́ ológun, wọ́n ń yọ ọ̀bẹ wọn láti nù ún, láti pọ́n ọn, láti fi han ọ̀gá. Ìtàn ẹnu ọtí ni ti ẹ̀jẹ̀, àwọn tó ń ta ọ̀bẹ fún àlejò sì rí i pé ó ń tajà. Bóyá ọ̀dọ̀ àwọn bàbá wa tó ti ogun Bọ́má dé ni ẹ̀gbọ́n yín ti gbọ́ ọ. Àwọn àti Gurkha jọ jà níbẹ̀ ní 1944.

Lóòótọ́, wọ́n ń fi bẹ́ ewúrẹ́ àti ẹfọ̀n lọ́dún Dashain, ọdún ńlá àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní Nepal, wọ́n sì ń bọ irin wọn nígbà náà bí àwọn awakọ̀ wa ṣe ń bọ Ògún. Ti ọdún nìyẹn. Bí wọ́n bá bẹ́ ẹ tán, wọ́n á nù ún ni, torí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ń jẹ irin. Ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe gan-an ni yóò ba ọ̀bẹ yín jẹ́.

Àkọ̀ rẹ̀ ló yẹ kó bà yín lẹ́rù. Pátákó méjì tí wọ́n fi awọ bò ni. Bó bá ti gbó, ẹnu ọ̀bẹ lè la ibi tí pátákó méjèèjì ti pàdé, kó sì gé ìka tó wà níbẹ̀. Apá ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kí ẹ ti di àkọ̀ mú, kí ìka kankan má ká dé apá ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì rọra fà á.

Sáńpépà kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́! Dúdú yẹn ni ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ẹ bá họ ọ́, ẹ ti họ iye rẹ̀ dànù, àmì ọdún tàbí ìkọ̀wé tó bá wà lára irin lè bá a lọ. Èyí tó pọ́n, tó ń hó, nìkan ló dógùn-ún. Ẹ fi aṣọ àti epo máṣíìnì ìránṣọ díẹ̀ nù ún, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe òróró. Méjèèjì á dì mọ́ ọn lára. Ẹ má rì í sómi gbígbóná o, torí oje igi ni wọ́n sábà fi ń lẹ èèkù, ooru á sì yọ́ ọ. Kí ọ̀bẹ wà lọ́tọ̀, kí àkọ̀ wà lọ́tọ̀. Awọ ń fa omi mọ́ra.

Èmi kì í ṣe lọ́yà, àmọ́ ẹ má gbé e rìn nígboro, ẹ má mú un lọ òde ìnáwó láti fi ṣe fáàrí. Ìyẹn lè gbé yín dé kóòtù. Bí èèkù rẹ̀ bá jọ eyín erin, ẹ má tà á láìbéèrè, òfin Ìlú Ọba ti le sí i láti 2022.

Kí ẹ sì bi màmá yẹn léèrè ibi tí ọkọ wọn ti rí i àti ọdún tó rí i. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi ìwé náà sínú àpótí kan náà pẹ̀lú ọ̀bẹ.