Ta Ló Purọ́ Nínú Fọkanáísà Méjèèjì?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Láàárọ̀, fọkanáísà àdúgbò wa fẹ́ táyà mi sí 32. Mo gba Ṣàgámù, mo kọjá Òdógbólú, ọ̀sán gangan ni mo gúnlẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Fọkanáísà ibẹ̀ ti géèjì bọ̀ ọ́, ó ní 37 ni, pé ẹni tó fẹ́ ẹ fẹ́ pa mí. Ó fẹ́ yọ díẹ̀ nínú ẹ̀, mo ní kó dúró ná. Ta ni kí n gbà gbọ́?
Ìyá Ìbejì, Ìpẹru

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tí ẹ kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Kò sí òpùrọ́ nínú wọn. Èyí tó ní wọ́n fẹ́ pa yín ló kàn sọ̀rọ̀ jù.

Atẹ́gùn inú táyà kì í jókòó. Ó ń sáré kiri, ó ń forí gbá ara rọ́bà, gbígbá yẹn sì ni géèjì ń kà. Bí ọ̀dà títì bá gbóná, tí táyà ń yí, atẹ́gùn á gbóná, eré rẹ̀ á sì le sí i. Bàlúùnù ì bá wú. Táyà kò ráyè wú tó bẹ́ẹ̀, ìfúnpá, ìyẹn agbára gbígbá yẹn, ló máa gòkè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní táyà wà ní 27 dìgírì láàárọ̀, tó di 57 lọ́sàn-án. Tó bá kan gáàsì, láti 273 nísàlẹ̀ òdo la ti ń ka ooru, níbi tí òtútù parí sí. 27 di 300, 57 di 330: ìdámẹ́wàá ló lé. Géèjì kì í sì í ka atẹ́gùn ayé tó ń tẹ gbogbo wa, bíi 15. Ẹ fi 15 kún 32, ó di 47. Ẹ fi ìdámẹ́wàá lé e, díẹ̀ ló kù kó pé 52. Ẹ yọ 15 yẹn padà. 37 náà nìyẹn!

Èmi náà ti jẹ ẹ́ rí. Ní Òdógbólú, lọ́sàn-án gangan, mo ní kí wọ́n yọ tèmi padà sí 32. Nígbà tílẹ̀ mọ́, táyà ti rọ̀, géèjì ka 28. Mo tún sanwó atẹ́gùn.

Tó bá ń ṣe yín bí àlọ́, ẹ gba pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìbejì, ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ rọra tì í wọlé. Bí àyè bá ṣe ń dín ni yóò máa tì yín padà. Tó bá ku ìdajì, ìfúnpá á di ìlọ́po méjì. Ọdún 1662 ni Robert Boyle, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, tẹ èyí jáde. Bí ẹ bá wá ń tì í kíákíá lẹ́ẹ̀mélòó kan, ẹ fọwọ́ kan ìdí pọ́ǹpù náà: á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Kí ọkọ̀ tó kúrò nílé láàárọ̀ ni kí ẹ máa wọn táyà. Iye tó yẹ ẹ́ wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ ṣí i wò.