Ṣé Kilimanjaro lè bú mọ́ wa lórí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ gun òkè Kilimanjaro lóṣù Kejì. Ẹnìkan ní Kẹ́ńyà ló wà. Ẹlòmíràn ní òkè ayọnáyèéfín ni, pé ó lè bú nígbàkigbà. Mo máa ń sáré láràárọ̀, ṣé ọjọ́ márùn-ún ò tó mi?

Ìdáhùn: Tànsáníà ni. Àwòrán ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà: èyí tí erin ń jẹko níwájú òkè, Amboseli ní Kẹ́ńyà ni wọ́n ti sábà máa ń yà á. Pápákọ̀ òfuurufú Kilimanjaro, láàárín Arusha àti Moshi, ni kẹ́ ẹ wọ̀ sí. Ẹ mú káàdì àjẹsára ibà pọ́njú dání tó bá jẹ́ Nàìjíríà lẹ ti ń bọ̀.

Ní ti iná, orí mẹ́ta ni òkè náà ní. Ti Shira àti Mawenzi ti kú. Ti Kibo, tó ga jù, ń sùn ni: èéfín tó ń rùn bí imí-ọjọ́ ṣì ń yọ nínú kòtò Reusch lókè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àkọsílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni fojú rí i kó bú. Ẹ má torí iná pa ìrìn yín tì.

Ọjọ́ márùn-ún yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ní góńgó Uhuru, ibi tó ga jù lórí òkè náà, 5,895 mítà, ọ́síjìn tó ń bá èémí kọ̀ọ̀kan wọlé kò ju nǹkan bí ìdajì ti etí òkun. Ọjọ́ ni ara fi ń kọ́ èyí, eré àárọ̀ kì í kọ́ ọ. Kódà àwọn tára wọn le ló máa ń yára jù. Lọ́nà Marangu, ọlọ́jọ́ márùn-ún á kúrò ní ibùdó Horombo (3,720 mítà) dé ilé Kibo (bíi 4,700), á sì tún gbéra lọ sí góńgó lóru ọjọ́ náà. Ẹ fi ọjọ́ kan kún un ní Horombo, tàbí kẹ́ ẹ gba ọ̀nà Lemosho fún ọjọ́ mẹ́jọ. Tí orí bá ń fọ́ yín tí èébì sì ń gbé yín, ẹ dúró níbi tẹ́ ẹ dé. Tẹ́ ẹ bá ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí, tàbí tẹ́ ẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí ìjókòó, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Ẹ bi dókítà léèrè nípa Diamox, oògùn tó ń ran ara lọ́wọ́ lórí òkè gíga, kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Oṣù Kejì dáa, òjò kì í pọ̀. Àmọ́ ẹ má wò ó pé ìlà agbedeméjì ayé ò jìnnà: ní gbogbo 1,000 mítà tẹ́ ẹ bá gùn, òtútù ń fi bí ìwọ̀n Celsius mẹ́fà lé sí i. Omi inú rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi mu látinú àpò ẹ̀yìn á dì lóru tẹ́ ẹ máa gun góńgó, torí náà ike omi ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì dojú rẹ̀ dé nínú àpò, torí òkè omi ló máa ń kọ́kọ́ dì.