Ọmọ Mi Ń Lọ sí Bùlgáríà Nígbà Òtútù: Báwo Ni Ọ̀nà Ibẹ̀ Ṣe Rí?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin rí àyè gbà láti kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ìlú Pleven, ní orílẹ̀-èdè Bùlgáríà, oṣù Kìíní ni yóò sì lọ. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ òfúrufú yóò gúnlẹ̀ sí Sofia, olú-ìlú wọn, aṣojú tó bá wa ṣètò ìwé sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì alẹ́ ọjọ́ náà fún un. Wọ́n ní ilẹ̀ olókè ni, wọ́n sì ní òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa. Àyà mi ń já. Kí ni kí n ṣe? Ìyá akẹ́kọ̀ọ́, Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ, Màmá. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé Pleven, ohun tí ojú mi rí ni mo sì fẹ́ sọ. Òtútù kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù fún ọmọ yìí. Bọ́ọ̀sì alẹ́ yẹn ni ọkàn mi kò gbà rárá.

Òkè tí wọ́n ń pè ní Stara Planina ló la Bùlgáríà já láti ìwọ̀-oòrùn dé ìlà-oòrùn. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 550 kìlómítà, ṣóńṣó rẹ̀ tó ga jù sì jẹ́ mítà 2,376. Sofia wà ní gúúsù rẹ̀, Pleven wà ní àríwá, ẹni tó bá ń ti ibì kan lọ sí èkejì gbọ́dọ̀ la òkè náà kọjá. Ọ̀nà márosẹ̀ Hemus tí bọ́ọ̀sì ń tọ̀ gba Vitinya, ibi tí ọ̀nà ti la òkè náà, kọjá, níbi tí òjò dídì ti máa ń pọ̀ débi pé wọ́n á dá àwọn ọkọ̀ akẹ́rù dúró. Òfin ní kí gbogbo ọkọ̀ lo táyà òtútù, tàbí táyà tí eyín rẹ̀ jìn tó mílímítà 4, láti ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá títí di ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n táyà kò lè ran awakọ̀ tí kò rí iwájú lọ́wọ́, ilẹ̀ sì ti ń ṣú níbẹ̀ ní aago márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́.

Ó tún ku ti kùrukùru. Sofia dà bí ìsàlẹ̀ igbá, òkè ló yí i ká, afẹ́fẹ́ tútù a sì jókòó síbẹ̀ láìrí ibi jáde, á wá di kùrukùru. Nígbà mìíràn, àwọn ọkọ̀ òfúrufú kì í rí ilẹ̀ bà sí, wọ́n á sì darí wọn lọ sí Plovdiv tàbí ìlú mìíràn. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí: ọ̀gànjọ́ ni mo tó dé Sofia, owó bọ́ọ̀sì mi sì ti wọmi.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó sùn ní Sofia. Ní òwúrọ̀, kó wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, kó pààrọ̀ ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Serdika, kó sì lọ wọ rélùwéè ní ibùdókọ̀ àárín ìlú. Odò Iskar ti gé òkè náà já fúnra rẹ̀, etí odò yìí ni rélùwéè sì ń tọ̀, tí kò fi ní í gun òkè kankan. Nǹkan bí wákàtí mẹ́ta ni ìrìn náà. Kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àpáta tó wà ní ẹ̀gbẹ́ odò náà méjèèjì ga sókè bí ògiri, mi ò lè gbàgbé rẹ̀ láéláé.

Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni Pleven, kò sí òkè kankan tó dí afẹ́fẹ́ tó ń ti àríwá bọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń gé etí èèyàn. Ẹ ra kóòtù nípọn ní ọjà òkìríkà Òṣogbo níbí. Ojúlówó ni púpọ̀ nínú wọn, kì í sì í wọ́n nítorí pé kò sẹ́ni tó nílò wọn lọ́dọ̀ wa. Bàtà ni kó dúró rà níbẹ̀, èyí tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà rírọ̀ tó ní eyín. Òjò dídì tó bá yọ́ lọ́sàn-án máa ń di yìnyín lóru, a sì máa dà bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi nù. Orí irú rẹ̀ ni mo ti ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé tí mò ń gbé, tọwọ́ tọwọ́ nínú àpò, n kò rí nǹkan kan dì mú. Kó máa gbé ẹsẹ̀ kéékèèké, kó yọ ọwọ́ síta, kó má sì rìn lábẹ́ etí òrùlé tí ọ̀pá yìnyín ń rọ̀ sí, nítorí wọ́n máa ń já lu èèyàn.

Ẹ pe aṣojú yẹn lọ́sẹ̀ yìí, kó lè bá yín pààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì náà sí ti rélùwéè ọjọ́ kejì.