Owó Inú Ìwé, Owó Ọwọ́: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Ilé Aṣòfin

Ọ̀rọ̀ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tó wà ní Agodi, ló gba ojú ìwé wa lóṣù yìí. Ohun tó ń ta ọ̀pọ̀ yín lára kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ ń gbọ́ pé ilé pe ìjọba kó wá ṣírò owó tó ná, ẹ ò sì mọ ohun tó ń tìdí ẹ̀ yọ.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Orúkọ ilé ìwé àdúgbò wa wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, iye tí wọ́n máa fi pààrọ̀ páànù òrùlé ẹ̀ sì wà níwájú ẹ̀. Ọdún ń parí lọ, ẹnikẹ́ni ò tíì gbé àkàsọ̀ wá. Ṣé wọ́n ti jí owó náà ni? (Òǹkàwé kan, Mọ́níyà)

Owó náà lè má tíì jáde rárá. Àṣẹ ìnáwó ni bọ́jẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe owó. Abala 120 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ló ní kí ẹnikẹ́ni má fa kọ́bọ̀ yọ nínú àpò ìpínlẹ̀ láìjẹ́ pé òfin fàyè gbà á. Abala 121 ló ní kí gómìnà gbé àbá ìnáwó ọdún tó ń bọ̀ síwájú àwọn aṣòfin. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i tán, owó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọlé ni: èyí tó ń ti Àbújá wá lóṣooṣù, àti owó orí pẹ̀lú àwọn owó mìíràn tí ìpínlẹ̀ ń pa fúnra ẹ̀. Bí ohun tó wọlé ò bá tó ohun tí wọ́n fojú sùn, owó oṣù òṣìṣẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Páànù a dúró.

Nítorí náà, iye mẹ́rin ni kẹ́ ẹ máa wá, ẹ má pò wọ́n pọ̀: iye tí ilé fọwọ́ sí, iye tí ìjọba tú sílẹ̀, iye tí wọ́n san fún agbaṣẹ́ṣe, àti iṣẹ́ tí ojú rí nílẹ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i tí wọn ò tú u sílẹ̀, ilé iṣẹ́ ìṣúná ni kẹ́ ẹ bi. Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀ tí wọn ò san án, ó ti há sọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ téńdà wò. Bí wọ́n bá san án, tí ẹ ò sì rí páànù kan ṣoṣo, ibẹ̀ lẹ ti máa pariwo. Ohun kan tún wà tó máa ń da ojú rú: wọ́n lè ṣí owó kúrò lórí iṣẹ́ kan lọ sórí òmíràn láàárín ọdún, tàbí kí gómìnà gbé àfikún bọ́jẹ́ẹ̀tì wá. Ẹ wo déètì ìwé tó wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó bínú.

Nígbà mìíràn ẹ ó gbọ́ lórí rédíò pé kọmíṣọ́nnà ni ilé pè, nígbà mìíràn ẹ ó gbọ́ pé akọ̀wé àgbà ni. Ta gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn? Bó bá kọ̀ tí kò wá ńkọ́? (Bàbá fẹ̀yìntì kan, Òkè-Àdó)

Bàbá, ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ló ń sọ ẹni tí wọ́n máa pè. Bó bá jẹ́ pé kí ló dé tí ẹ fi ń ṣe iṣẹ́ yìí dípò tọ̀hún, ti kọmíṣọ́nnà nìyẹn. Abala 108 sì sọ pé dandan ni kó wá bí ilé bá pè é láti ṣàlàyé bí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ fáúṣà, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń sanwó, àti ìwé báǹkì, akọ̀wé àgbà ni, torí òun ni ìṣirò owó ilé iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Kọmíṣọ́nnà a wá, a lọ. Fáìlì ò ní bá a lọ.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ máa ń gbà dé iwájú wọn. Èkíní ni ti ọ̀dítọ̀ àgbà ìpínlẹ̀. Bí akáńtàǹtì àgbà bá ti ko ìṣirò ọdún fún un, abala 125 fún un ní 90 ọjọ́ láti fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé, ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó tó ń rí sí ìṣirò owó ìjọba ni yóò sì gbé e yẹ̀wò. Ọ̀nà yìí lọ́ra, torí owó tí wọ́n ti ná tán ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ìwé máa ń kún un. Èkejì ni ìwádìí tí ilé fúnra ẹ̀ dá sílẹ̀ lábẹ́ abala 128. Èyí ń fẹ́ ìpinnu tí ilé ṣe, tí wọ́n sì tẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé tàbí ìwé ìròyìn ìjọba tí wọ́n ń pè ní gásẹ́ẹ̀tì. Ìgbésẹ̀ kékeré yìí ni àwọn kan máa ń fò. Lọ́yà tó bá gbọ́n á kàn gba kóòtù lọ, gbogbo ìjókòó á sì di asán.

Ní ti ẹni tó kọ̀ láti wá, abala 129 gbà wọ́n láyè láti mú un búra, láti ní kó kó ìwé wá, àti láti fi ìwé àṣẹ gbé e wá tipátipá. Ọlọ́pàá tàbí ẹni tí abẹnugan ilé bá yàn ló máa lọ mú un. Ṣùgbọ́n ilé aṣòfin kì í ṣe kóòtù. Wọ́n lè tú àṣírí ìfiṣòfò, wọn ò lè rán olè lẹ́wọ̀n. Iṣẹ́ EFCC àti ICPC, àwọn àjọ tó ń gbógun ti ìwà jẹgúdújẹrá, àti ti adájọ́ nìyẹn.

Aṣòfin wa ní ká kọ ìbéèrè tí òun máa bi àwọn tó ń rí sí omi. A kọ ọ́ pé: "Kí lẹ fi owó kànga ẹ̀rọ wa ṣe?" Wọ́n ní "iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́." Níbo la ti ṣì í? (Akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò kan, Apẹ̀tẹ̀)

Ìbéèrè yín ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹ jẹ́ ká fi òǹkà àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ilé fọwọ́ sí ₦12,000,000 fún kànga ẹ̀rọ, ìjọba tú ₦9,000,000 sílẹ̀, wọ́n sì san ₦8,400,000 fún agbaṣẹ́ṣe. Owó tí wọ́n san ti jẹ́ 70 nínú 100 gbogbo owó iṣẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ yín nìyí: iṣẹ́ dé ibo? Bí ẹnjiníà wọn bá ní ó dé 40 nínú 100, wọ́n ti sanwó ju iṣẹ́ lọ, ìdáhùn "ń lọ lọ́wọ́" ò sì lè gbà wọ́n mọ́.

Ẹ béèrè nọ́ńbà iṣẹ́ náà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ tí wọ́n fún agbaṣẹ́ṣe ní lẹ́tà iṣẹ́, oṣù tí wọ́n dá fún un, nọ́ńbà àti déètì fáúṣà kọ̀ọ̀kan, àti orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ dé ibi tí wọ́n fi sanwó sí. Bí wọ́n bá fún agbaṣẹ́ṣe ní owó àsansílẹ̀, ìwé onígbọ̀wọ́ báǹkì, èyí tí báǹkì fi ṣèlérí pé òun á san owó náà padà bí agbaṣẹ́ṣe bá já wọn kulẹ̀, dà? Ọjọ́ wo ni agbára rẹ̀ máa pin? Ẹ má fo ìbéèrè yìí o. Ìwé náà sábà máa ń kú sínú fáìlì kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe. Bí agbaṣẹ́ṣe bá wá sá lọ lẹ́yìn ìyẹn, báǹkì ò ní san nǹkan kan.

Ẹ wá gba ìwé tí wọ́n to iṣẹ́ àti iye rẹ̀ sí lẹ́sẹẹsẹ. Ká ní ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbígbẹ́, mítà 60, ₦35,000 fún mítà kan. Orí àpáta líle ni Ìbàdàn jókòó sí, inú ìsán àpáta ni omi ń gbà. Ibì kan lè pọn omi ní mítà 40, kí ibòmíràn gba 80. Kò sí aburú nínú kí wọ́n dúró ní 42 bí omi bá ti pọ̀ tó. Aburú ni kí wọ́n sanwó 60. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ so irin wúwo mọ́ okùn tí ẹ ti sàmì sí ní mítà-mítà, kẹ́ ẹ rọ̀ ọ́ sílẹ̀ títí okùn á fi dẹ̀. Àfi kí wọ́n má tíì ki ẹ̀rọ fífa omi bọ̀ ọ́ o. Bí wọ́n bá ti kì í bọ̀ ọ́, ẹ béèrè ìwé tí wọ́n ń kọ lójoojúmọ́ tí wọ́n fi ń gbẹ́, tí ẹnjiníà fọwọ́ sí. Bó bá jẹ́ 42, mítà 18 ló dín. Ẹ fi ₦35,000 sọ ọ́ di púpọ̀: ₦630,000. Òǹkà yẹn ni kí aṣòfin yín gbé dìde dúró, kì í ṣe "a gbọ́ pé." Ẹ ṣe táńkì náà bẹ́ẹ̀: iye lítà tí wọ́n kọ sínú ìwé ńkọ́, èyí tó wà lórí òpó ńkọ́? Ẹ sì béèrè èsì àyẹ̀wò omi.

Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n fọ́ iṣẹ́ kan sí mẹ́ta: ẹnì kan gbẹ́ ilẹ̀, ẹnì kejì gbé táńkì, ẹnì kẹta fa iná, tí owó ọ̀kọ̀ọ̀kan sì rọra wà lábẹ́ iye tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà. Déètì kan náà lórí lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tàbí àdírẹ́ẹ̀sì kan náà, ló sábà máa ń tú wọn fó.

Ìwé tó dé láàárọ̀ ọjọ́ ìjókòó kò wúlò, torí kò sẹ́ni tó máa kà á. Kí aṣòfin ní kó wọlé ní ọjọ́ méje ṣáájú, ẹ̀dà pẹ̀lú ojúlówó, kí alága ìgbìmọ̀ sì dá ọjọ́ ìpadàbọ̀ kí wọ́n tó dìde.

Ọmọ mi wà ní Edinburgh. Mo rí i lórí fóònù ẹ̀ pé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni àwọn aṣòfin Scotland ń da ìbéèrè bo olórí ìjọba wọn. Kí ló dé tí gómìnà kì í jókòó bẹ́ẹ̀ níbí? (Ìyá kan, Bódìjà)

Ìyá wa, ètò ló yàtọ̀. Olórí ìjọba Scotland jẹ́ ọ̀kan nínú aṣòfin 129 tó wà nílé náà, ààrin wọn ló wà, wọ́n sì ń bi í léèrè lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Gómìnà kì í ṣe ọ̀kan nínú aṣòfin 32 wa. Abala 108 kàn sọ pé ó lè wá láti bá wọn sọ̀rọ̀ ni. Ìbàdàn sì ti rí irú ti Scotland rí: láyé ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, inú ilé aṣòfin níbí ni Awólọ́wọ̀ ti ń jókòó gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba, tí Adégòkè Adélabú sì jẹ́ olórí alátakò tó dojú kọ ọ́. Ẹnu Adélabú náà ni wọ́n ní "pẹ́ńkẹlẹ́mẹ́ẹ̀sì", ìyẹn "peculiar mess" ti Gẹ̀ẹ́sì, ti bọ́ sígboro.

Ti Ọjọ́bọ̀ yẹn dùn-ún wò, ṣùgbọ́n a ò rò pé òun ló yẹ ká yá lọ́wọ́ wọn. Èyí tó yẹ ká yá ni ìbéèrè orí ìwé: bí aṣòfin kan níbẹ̀ bá kọ ìbéèrè sí ìjọba, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ni ìdáhùn sábà máa ń gbà, gbogbo ayé á sì rí i kà.

Ṣé ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lè bi alága káńsù léèrè? (Òǹtajà kan, Ọjà Ọba)

Wọ́n lè bi í. Ìjọba ìbílẹ̀ 33 ni Ọ̀yọ́ ní, 11 nínú wọn sì wà ní Ìbàdàn; ọ̀dítọ̀ àgbà tiwọn dá wà lọ́tọ̀. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní oṣù keje ọdún 2024 sọ pé kí owó wọn máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má yẹ ìwé wọn wò.

Bí aṣòfin wa ò bá dá wa lóhùn, ṣé àwa fúnra wa lè gba ìwé? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Sángo)

Òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 gbà yín láyè, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ ọ́ ní ọdún 2025 pé ó de àwọn ìpínlẹ̀ náà. Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ tọ́rọ̀ kàn, ẹ dárúkọ ìwé tí ẹ ń fẹ́ ní pàtó, ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ "a ti rí i gbà" sí, kẹ́ ẹ fi pamọ́. Ẹ ò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Wọ́n ní ọjọ́ méje. Wọ́n lè fi méje mìíràn kún un bí wọ́n bá ṣàlàyé. Bí wọ́n bá kọ̀, 30 ọjọ́ lẹ ní láti gba kóòtù lọ. Ẹni tí kò mọ̀wé lè lọ fẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló máa bá a kọ ọ́. Owó ẹ̀dà nìkan ni wọ́n lè gbà lọ́wọ́ yín, ẹ sì béèrè rìsíìtì rẹ̀.