Ìkọ́ tírélà ò wọ ásùlù kẹ̀kẹ́ mi mọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Peckham ní London ni mò ń gbé, mo bí ìbejì, wọ́n ti pé ọdún méjì báyìí. Tírélà ọmọdé tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń gbé wọn lọ sí nọ́sìrì láti ọjọ́ yìí. Lóṣù tó kọjá ọkọ mi ra kẹ̀kẹ́ oníná fún mi, eléyìí tí mọ́tò ẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, inú mi dùn gan-an, àfi ìgbà tí mo fẹ́ so tírélà mọ́ ọn tí ihò ìkọ́ tó ń so wọ́n pọ̀ ò gba irin ásùlù ẹ̀yìn wọlé rárá, sípánà 15 tí mo máa ń lò gan-an ò mú nọ́ọ̀tì ẹ̀, 18 ló gbà. Ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ní kí n gbé ìkọ́ wá kóun fi dírílì fẹ ihò ẹ̀ sí i. Ọkọ mi ní rárá, pé irin ẹ̀yìn yẹn ni ká fi fáìlì fá. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?
Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o. Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kẹ́ ẹ wá rọra gba fáìlì yẹn lọ́wọ́ wọn! Ásùlù, irin tó gba àárín ẹsẹ̀ kọjá yẹn, òun ló gbé ẹ̀yin àti ẹrù yín ró, téèyàn bá sì ti fá a, tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀, ìyẹn ìlà tó yí ara ẹ̀ ká tí nọ́ọ̀tì ń gbà wọlé, ti lọ nìyẹn, kí ni nọ́ọ̀tì fẹ́ dì mú? Ìkọ́ là ń tún ṣe, torí ìkọ́ ṣeé rà lọ́tọ̀.

Kẹ̀kẹ́ lásán tó ń lo nọ́ọ̀tì, ásùlù ẹ̀yìn ẹ̀ kì í sábà ju bíi 10 mm lọ, ìdí nìyẹn tí ihò ìkọ́ yín fi mọ níwọ̀n yẹn. Oní-mọ́tò inú ẹsẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 12, àwọn kan tó 14. Nọ́ọ̀tì tó gba sípánà 18 yẹn, 12 ló jọ lójú tèmi, ṣùgbọ́n ẹ fi kálípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí irin ṣe nípọn tó, wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n.

Ẹ wá wo ẹnu ásùlù yẹn dáadáa. Kò rí roboto bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n ti gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹ̀ pẹlẹbẹ, tẹ́ ẹ bá wọn pẹlẹbẹ sí pẹlẹbẹ, ẹ máa rí 10. Bí mọ́tò ṣe ń ti ẹsẹ̀ síwájú ló ń ti ásùlù padà sẹ́yìn, ibi pẹlẹbẹ yẹn ni férémù fi dì í mú kó má bàa yí. Ó wá túmọ̀ sí pé ihò 10 tẹ́ ẹ ní yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lọ́nà kan, 1 mm lápá ibí àti 1 mm lápá ọ̀hún ló kù, fáìlì roboto kékeré á ṣe é láàárín ogún ìṣẹ́jú. Dírílì 12 náà á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìkọ́ tó bá ibi pẹlẹbẹ mu ò ní lè yí kiri, èyí sì wù mí jù.

Àmọ́ ibẹ̀ náà ni mo ti jìyà rí o. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo jókòó sílé mo fá ihò náà, ó dán, mo gbé e dé ìdí kẹ̀kẹ́, ó wọlé pẹ́kí, apá ìkọ́ wá kọjú sí férémù gbọnrangandan! Kò ṣeé yí, torí pẹlẹbẹ ti mú un. Mo fowó ra òmíràn. Torí náà, kẹ́ ẹ tó fá ohunkóhun, ẹ gbé ìkọ́ sí ibi tó máa wà, kó kọjú síbi tí ìwé ẹ̀ wí, kẹ́ ẹ fi máákà fa ìlà ibi pẹlẹbẹ sára ẹ̀.

Irin nìkan ni mò ń sọ o. Ẹ fi òòfà kàn án, tí ò bá mú un, tó sì jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n yọ́ dà, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún 12, torí ọmọ méjì ló máa wà lẹ́yìn yẹn. Irin náà gan-an, tí èyí tó máa kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò bá ti dín ní 6 mm, èmi kì í ṣe é.

Tó bá kan títò ó, wọ́ṣà eléyín tó bá mọ́tò wá ò gbọdọ̀ kúrò níbi tó wà, òun ló ń ran férémù lọ́wọ́ kí ásùlù má bàa yí. Ìkọ́ á tẹ̀ lé e lóde, lẹ́yìn náà wọ́ṣà pẹlẹbẹ, kí nọ́ọ̀tì tó wá kẹ́yìn. Nọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ jẹ tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀ tán kí ẹnu ásùlù yọ síta díẹ̀; tí ò bá yọ, ìkọ́ yẹn ti nípọn jù fún kẹ̀kẹ́ yín, kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Àwọn mọ́tò kan sì wà tí wáyà wọn ń gba ẹnu ásùlù jáde, tó bá jẹ́ apá òsì tí ìkọ́ ń wà ni tiyín gbà, ẹ ṣọ́ ọ kí ìkọ́ má fún un pa.

Ẹ de bẹ́líìtì ààbò tírélà mọ́ férémù, ẹ tún nọ́ọ̀tì fún lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì wo ìwé kẹ̀kẹ́ bóyá wọ́n gbà kó fa tírélà. Mọ́tò á fà á fúyẹ́fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ bíréèkì ò pọ̀ sí i o.

Ìbéèrè: Tèmi ò ní nọ́ọ̀tì rárá, ọ̀pá gígùn kan ni wọ́n tì bọ ẹ̀gbẹ́ kan tí wọ́n yí i dè ní ẹ̀gbẹ́ kejì, 12 ni. Ṣé kí n ṣáà fẹ ihò ìkọ́ náà?
Bọ̀dá Houston

Ìdáhùn: Bọ̀dá, ẹ má fẹ ihò kankan. Tí ìkọ́ bá wọlé pàápàá, ó ti jẹ nínú gígùn ọ̀pá yẹn, tírẹ́ẹ̀dì tó yẹ kó mú lódìkejì á dín. Ọ̀pá tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n ṣe fún tírélà lẹ máa rà, kẹ́ ẹ sì wo ara èyí tó wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, wọ́n sábà máa ń kọ gígùn ẹ̀ àti irú tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀ síbẹ̀, ìyẹn bí ìlà kan ṣe jìnnà sí èkejì ní mm: 1.0 tàbí 1.5 tàbí 1.75. Tẹ́ ẹ bá ra 1.5 fún férémù tó ń lo 1.75, ó lè wọlé díẹ̀ kó tó há. Tó bá ti há, ẹ yí i padà jáde, ẹ má fi sípánà fipá mú un, tírẹ́ẹ̀dì inú férémù ló máa jẹ.