Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo àǹtí mi?

Òǹkàwé wa kan kọ̀wé nípa ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà. Màmá náà ti lé ní 80 ọdún báyìí. Aáwọ̀ kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹbí lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, ó bínú kúrò nílé, ó sì ti pé ọdún 9 tó ti fojú kàn wọ́n gbẹ̀yìn. Ó fẹ́ padà lọ. Ó ní: "Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n?"

Ọmọ mi,

Ojú tí wọ́n máa ń bá ọ bọ́ láràárọ̀ nígbà tí o wà ní kékeré náà ni kí o gbé lọ.

Ibi tí o ti sọ pé o máa ń tẹ nọ́ńbà wọn, tí o sì máa ń pa á kó tó dún, ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì. Ìfẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ìtìjú ló sé e mọ́lé.

Ṣùgbọ́n Màmá kọ́ ni kí o kọ́kọ́ pè. Ọmọ wọn obìnrin tí ẹ jọ dàgbà, tí o kàn fẹnu bà nísàlẹ̀ lẹ́tà rẹ pé "òun ló ń tọ́jú wọn," òun ni kí o pè. Ní gbogbo ọdún 9 yìí, òun ló ń jí lóru gbé wọn dìde, òun ló ń ka oògùn sí wọn lọ́wọ́. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ná, kí o tó bẹ ẹnikẹ́ni. Bó bá sọ̀rọ̀ kíkan sí ọ, gbà á mọ́ra, nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́. Bi í pé ọjọ́ wo ló rọrùn, àti pé ìgbà wo lára Màmá máa ń yá jù. Tí o bá débẹ̀, má kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àgbàlagbà. Ní kó lọ sùn, kí o jókòó ti ìyá rẹ̀.

O tún ń bẹ̀rù pé wọn ò ní dá ọ mọ̀. Má bi wọ́n pé "Ṣé ẹ mọ̀ mí?" Ìdánwò nìyẹn. Jókòó níwájú wọn níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti kàn ọ́ lójú, kí o dárúkọ ara rẹ àti ìyá rẹ. Má pariwo. Ohùn tó tín-ín-rín ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọnù létí àgbàlagbà, igbe a sì máa dún bí ìbínú. Sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ohùn rẹ wálẹ̀, kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n.

Mú fọ́tò ìyá rẹ dání. Ohun àtijọ́ sábà máa ń pẹ́ nínú iyè ju ti àná lọ. Bí wọ́n bá dárúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò náà, kọ orúkọ wọn sẹ́yìn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ aáwọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ wọ yàrá wọn. Àwọn ẹbí tó kù, ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kí o máa wá lọ bá.

Má dúró de ìgbà tí ọwọ́ rẹ máa dilẹ̀. Èmi náà ní irú àǹtí bẹ́ẹ̀, mo sì dúró. Aṣọ tí mo rà fún wọn ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í fún mi.

Wákàtí kan ti tó fún ìgbà àkọ́kọ́. Kí o tó dìde, sọ ọjọ́ tí wàá padà wá fún wọn.

Pe ọmọ wọn lálẹ́ òní. Tó bá ti ń dún, má pa á.